Ihò Méje Lójú, Wáyà Mẹ́rin Lẹ́yìn: Àkọsílẹ̀ Pickup Kan Tí Bíréèkì Tírélà Rẹ̀ Kò Dáhùn

Ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń ra mọ́tò àlòkù ránṣẹ́ sí Èkó. Wọ́n á rà á ní gbàǹjo, wọ́n á gbé e sórí tírélà pẹlẹbẹ, pickup á sì fà á lọ sí ọgbà tí wọ́n ti ń dì í sínú kọ̀ntéńà. Iṣẹ́ tí oníbàárà inú àkọsílẹ̀ yìí ń ṣe nìyẹn. Agbára pickup rẹ̀ ká iṣẹ́ náà: ìwé ọkọ̀ gbà á láyè láti fa ẹrù tó wúwo ju èyí tó ń fà lọ, ihò ìkọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ínǹṣì 2. Ohun kan ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹnu iná tírélà tó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́ jẹ́ pẹlẹbẹ oníwáyà mẹ́rin. Nígbà tó jẹ́ tírélà kékeré tó fi ń kó ẹ̀rọ ìgékoríko àti jẹnẹrétọ̀ ló ń fà, mẹ́rin yẹn tó o.

Ìgbà tó ra tírélà tó ń gbé mọ́tò ni ọ̀rọ̀ yí padà. Tírélà náà ní áàsìlì méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé pound 3,500, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kò sì gbọdọ̀ ju pound 7,000 lọ. Òfìfo rẹ̀ tó nǹkan bí pound 2,000. Tí a bá gbé Toyota Camry kan lé e, tí òun náà tó nǹkan bí pound 3,300, ó ti kọjá 5,000 nìyẹn. Òfin Texas sọ pé tírélà tí àpapọ̀ ìwúwo rẹ̀ bá ju pound 4,500 lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀, àfi tí kò bá ju 15,000 lọ tí wọ́n sì ń fà á ní eré tí kò ju máìlì 30 ní wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó ń fi 30 rìn lórí márosẹ̀ Houston. Tírélà náà ní bíréèkì oníná ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, plọ́ọ̀gì rẹ̀ sì jẹ́ róbótó, èyí tó ní ojú méje.

Plọ́ọ̀gì méje kò lè wọ ẹnu mẹ́rin. Oníbàárà lọ ra àdápítọ̀, èyí tó gba ẹnu pẹlẹbẹ lápá kan tó sì jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì róbótó lápá kejì. Ó fi bóòtù méjì dì í mọ́ abẹ́ bọ́ńpà, ó ki plọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́, iná ẹ̀yìn tàn, tráfíkétọ̀ ṣẹ́jú, iná bíréèkì pọ́n. Ó gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa mọ́tò.

Kò pẹ́ tí páàdì bíréèkì iwájú pickup fi jẹ tán. Mẹkáníìkì pààrọ̀ páàdì, ó pààrọ̀ díìsìkì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òórùn jíjóná kò lọ. Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ríwáyà tó jẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀, ohun tó sọ ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo iná ló ń tàn o. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti tẹ bíréèkì pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ńṣe ló máa ń tì mí lọ."

Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ti tó fún ẹni tó mọ iṣẹ́ láti mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò. Tírélà tó ń ti ọkọ̀ lọ kò ní bíréèkì tó ń ṣiṣẹ́. Pé iná rẹ̀ ń tàn kò sọ nǹkan kan nípa bíréèkì rẹ̀, nítorí wáyà tiwọn yàtọ̀ síra.

Nínú ẹnu pẹlẹbẹ, wáyà funfun ni áàtì, ọ̀nà tí iná fi ń padà sí bátìrì, búráùn ni iná ẹ̀yìn, yẹ́lò ń gbé tráfíkétọ̀ àti iná bíréèkì apá òsì, gíríìnì ń gbé ti apá ọ̀tún. Kò sí wáyà karùn-ún. Ẹnu róbótó ní mẹ́rin wọ̀nyí, ó sì tún ní mẹ́ta lé e: ọ̀kan tó ń gbé iná lọ sí mágínẹ́ẹ̀tì bíréèkì inú táyà tírélà, ọ̀kan tó ń gbé volts 12 wá tààrà láti bátìrì ọkọ̀, àti ihò àárín gan-an tó wà fún ríbáàsì. Àdápítọ̀ gba mẹ́rin wọlé, mẹ́rin náà ló sì lè kó jáde. Nígbà tí ríwáyà wọ abẹ́ bọ́ńpà, ó bá wáyà búlúù, dúdú àti elésè-àlùkò tó yọ láti ẹ̀yìn àdápítọ̀ náà. Wọ́n ká wọn róbótó, wọ́n fi téèpù dúdú dì wọ́n mọ́ra, ẹnu wọn ṣì dán bí ìgbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ jáde. Kò sẹ́ni tó sọ fún oníbàárà pé wáyà mẹ́ta yẹn ni gbogbo ìdí tí ènìyàn fi ń kúrò ní mẹ́rin lọ sí méje.

Àṣìṣe yìí pọ̀ lọ́jà ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì léwu. Ẹnì kan ń wakọ̀ pẹ̀lú pound 5,000 lẹ́yìn, ó gbà pé bíréèkì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kankan.

Ríwáyà kò sáré kan pickup. Ó kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sí méjì: kí ni ọkọ̀ ń fi ránṣẹ́, kí ni tírélà lè gbà? Ní ti ọkọ̀, ìdáhùn rọrùn. Ó fi ẹsẹ̀ mítà kan lé ojú áàtì, ó fi èkejì wá ojú yòókù kiri: iná wà ní ojú mẹ́ta tí iná ẹ̀yìn àti tráfíkétọ̀ ń lò nígbà tó yẹ, ojú bíréèkì àti ojú bátìrì jẹ́ òdo.

Ní ti tírélà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ríwáyà ti máa ń fò kọjá. Mágínẹ́ẹ̀tì kan nínú irú bíréèkì yìí máa ń jẹ nǹkan bí amps 3 sí 4. Mẹ́rin gbọ́dọ̀ jẹ láàárín 12 sí 16. Ríwáyà yọ plọ́ọ̀gì kúrò lára ọkọ̀, ó mú bátìrì volts 12 tó kún dáadáa, ó fi wáyà tó ní fíúùsì gbé pọ́síítíìfù rẹ̀ sí ojú bíréèkì, ó gbé nẹ́gétíìfù sí ojú áàtì, ó sì fi mítà onígà, èyí tó ń há wáyà lóde láti ka amps, há wáyà búlúù. Ó ka amps 6 àti díẹ̀. Ìyẹn jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì méjì, kì í ṣe mẹ́rin. Ká ní ó kàn so pickup pọ̀ láìwọ̀n èyí, ìdajì bíréèkì ni oníbàárà ì bá gbà, wọn ì bá sì máa dá brake controller tuntun lẹ́bi, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń fi iná ránṣẹ́ sí bíréèkì tírélà.

Áàsìlì ẹ̀yìn ni kò dáhùn. Ibi tí wáyà rẹ̀ ti pàdé wáyà ńlá lábẹ́ pákó tírélà, ẹnì kan ti fi kílíìpù aláwọ̀ búlúù so ó, irú èyí tí a kàn ń tẹ̀ pọ̀ tí abẹ irin inú rẹ̀ á gé ara wáyà wọlé. Omi ti wọ ibẹ̀, kọ́pà ti di àwọ̀ ewé, ó sì fọ́ sí ríwáyà lọ́wọ́ bí ẹ̀rún. Kílíìpù yìí kò yẹ kó sún mọ́ abẹ́ tírélà rárá. Ó gé ibẹ̀ kúrò títí ó fi dé kọ́pà tó ń dán, ó fi ìsopọ̀ irin tí a ń fi páyà tẹ̀ so ó, ó fi rọ́bà tó ń súnkì nínú ooru bò ó, irú èyí tó ní gọ́ọ̀mù nínú tó máa ń yọ́ dí ẹnu méjèèjì.

Ó tún rí nǹkan kejì tí kò tíì bàjẹ́. Wáyà tó lọ láti táyà òsì sí táyà ọ̀tún gba inú ọ̀pá áàsìlì iwájú, etí ihò irin tó gbà jáde sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó ara rẹ̀. Ọ̀nà inú ọ̀pá dára lójú, ṣùgbọ́n wáyà máa ń gbọ̀n nínú rẹ̀ ní gbogbo ìrìn, ọjọ́ tó bá kan irin ni fíúùsì ń já. Ó fa wáyà tuntun gba òde áàsìlì, ó fi rọ́bà oníhò wọ̀ ọ́, ó dè é mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, mítà ka 13.

Bátìrì kékeré tó wà nínú àpótí dúdú ní iwájú tírélà ti kú pátápátá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé tí tírélà bá já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, okùn irin á fa ìdè kan yọ, bátìrì náà á sì tẹ bíréèkì tírélà kó lè dúró. Wáyà bátìrì inú ẹnu méje ló yẹ kó máa gba agbára fún un. Kò sí wáyà yẹn, nítorí náà kò gba agbára rí láti ọjọ́ tí oníbàárà ti ra tírélà. Wọ́n fi tuntun sí i.

Ìgbà yìí ni wọ́n wá kan pickup. Ríwáyà kọ́kọ́ tú nẹ́gétíìfù bátìrì. Ohun tó rà nìyí: sọ́kẹ́ẹ̀tì ihò méje tó ní wáyà gígùn lẹ́yìn, brake controller, circuit breaker amps 30, èyí tó ń gé iná tó bá pọ̀ jù tó sì ń padà fúnra rẹ̀, ilé fíúùsì kan pẹ̀lú fíúùsì amps 30, ríléè amps 40, wáyà géèjì 10 ní ẹsẹ̀ bàtà 80, wáyà géèjì 16 ní ẹsẹ̀ bàtà 25, rọ́bà oníhò, ìsopọ̀ onírọ́bà, àti gíríìsì tí kì í gbé iná.

Ìdí tó fi jẹ́ géèjì 10 rèé (bí nọ́ńbà géèjì bá ṣe kéré tó ni wáyà ṣe nípọn tó). Wáyà géèjì 16 ní ohms 4 ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000, géèjì 10 ní ohm 1. Láti iwájú pickup dé ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ bàtà 25 kò jẹ́ nǹkan lójú. Ṣùgbọ́n tí amps 12 bá gba géèjì 16 kọjá, volt 1.2 á ti ṣòfò sínú wáyà nìkan kó tó dé tírélà. Géèjì 10 á ṣòfò 0.3. Bíréèkì oníná kò ní ọ̀nà mìíràn láti gbà agbára ju volts tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Wáyà tín-ín-rín túmọ̀ sí ìdúró tó jìnnà. Ẹni tó bá ń ra wáyà ní Nàìjíríà, 6 mm² ni kó béèrè, èyí tí fọ́nrán inú rẹ̀ pọ̀ tó sì rọ̀, kì í ṣe ti inú ilé tó le gbagidi.

Wáyà mẹ́rin ló máa ń wà lẹ́yìn brake controller. Dúdú lọ sí pọ́síítíìfù bátìrì, circuit breaker sì wà lẹ́bàá bátìrì, kì í ṣe lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí wáyà tó wà láàárín bátìrì àti breaker kò ní ààbò kankan bó bá kan irin. Amps 20 tó fún tírélà oníbíréèkì méjì. Fún oníbíréèkì mẹ́rin yìí, 30 ni wọ́n fi sí i. Funfun lọ sí nẹ́gétíìfù bátìrì fúnra rẹ̀, kì í ṣe sí síkírúù kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Búlúù lọ sẹ́yìn sí ojú bíréèkì nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Pupa ló nílò sùúrù.

Wáyà pupa ló ń sọ fún controller pé awakọ̀ ti tẹ bíréèkì. Ara súwíìṣì tó wà lókè pẹ́dà ni a ti ń mú un, ní ẹsẹ̀ tí iná kì í sí àfi tí a bá tẹ pẹ́dà. Pickup yìí, bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, gílóòbù pupa kan náà ló ń ṣe iná bíréèkì àti tráfíkétọ̀. Tí ríwáyà bá ní kí òun dín iṣẹ́ kù, kí òun lọ mú pupa yìí ní wáyà gílóòbù yẹn lẹ́yìn ọkọ̀, tráfíkétọ̀ ni yóò máa tẹ bíréèkì tírélà: gbogbo ìṣẹ́jú gílóòbù, táyà á máa gún lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ súwíìṣì pẹ́dà nìkan. Ó fi mítà dán an wò: òdo ní ìdúró, volts 12 nígbà tí a tẹ pẹ́dà, òdo nígbà tí a fi tráfíkétọ̀ tàn láìtẹ pẹ́dà. Lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kan náà, wáyà tí wọ́n fi rọ́bà yẹ́lò wọ̀ jẹ́ ti bágì atẹ́gùn ìdáàbòbò (airbag). A kì í gé e, a kì í fi ẹsẹ̀ mítà gún un.

Controller yìí jẹ́ èyí tó ń fi bí eré ọkọ̀ ṣe ń dín kù mọ bí awakọ̀ ṣe ń dúró tó, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ dojú kọ ọ̀nà tí ọkọ̀ ń lọ, kó sì wà ní ìdúró tí ìwé rẹ̀ fàyè gbà. Wọ́n fi síkírúù dì í mọ́ irin abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Téèpù kò tó.

Wáyà ẹ̀yìn gba ẹ̀gbẹ́ ṣáásí tí ẹ̀gísọ́ọ̀sì kò sí, nínú rọ́bà oníhò, ó sì gba rọ́bà ihò tó wà lára irin tó ya ẹ́ńjìnì sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ awakọ̀. Wáyà bátìrì tó lọ sẹ́yìn ní fíúùsì tirẹ̀ lẹ́bàá bátìrì, ó sì gba ríléè tí kì í ṣí àfi tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ìdúró iṣẹ́, kí tírélà má bàa fa bátìrì ọkọ̀ gbẹ ní òru. Níbí ni oníbàárà ti béèrè bóyá winch tó fi ń fa mọ́tò gorí tírélà lè máa jẹ iná láti ojú yìí. Rárá. Winch tó ń fa mọ́tò lè gba amps tó ju 100 lọ. Fíúùsì amps 30 á já, tí ẹnìkan bá sì fi ńlá rọ́pò rẹ̀, wáyà ló máa jóná. Bátìrì tó wà lórí tírélà ni winch ń jẹ, wáyà yìí á kàn máa kún un díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ tí wọ́n so ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ dàrú. Ọmọ iṣẹ́ ló so sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ wáyà mẹ́rin àtijọ́, ó sì so ó ní àwọ̀ sí àwọ̀: búráùn sí búráùn, yẹ́lò sí yẹ́lò, gíríìnì sí gíríìnì, funfun sí funfun. Ó mọ́ lójú, ó sì burú lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tan iná ńlá, gílóòbù tráfíkétọ̀ ọ̀tún tírélà tàn, kò sì kú. Nígbà tí wọ́n fi tráfíkétọ̀ sí ọ̀tún, iná ẹ̀yìn méjèèjì ló ń ṣẹ́jú. Ti òsì kò dáhùn rárá.

Ètò àwọ̀ méjì ló wà nínú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Nínú èyí tí ẹnu pẹlẹbẹ ń lò, búráùn jẹ́ iná ẹ̀yìn, yẹ́lò òsì, gíríìnì ọ̀tún. Nínú ètò tí àwọn onílé-alágbèéká (RV) ń lò láti ìgbà pípẹ́, tí ọ̀pọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì ihò méje sì ń bá wá, gíríìnì ni iná ẹ̀yìn, pupa ni òsì, búráùn ni ọ̀tún, yẹ́lò sì lọ sí ihò àárín fún ríbáàsì. Funfun, búlúù àti dúdú nìkan ni wọn kì í sábà jà lé lórí. Nítorí náà, búráùn ọkọ̀ gbé iná ẹ̀yìn lọ sí tráfíkétọ̀ ọ̀tún, gíríìnì gbé tráfíkétọ̀ ọ̀tún lọ sí iná ẹ̀yìn, yẹ́lò sì lọ kú sínú ihò àárín. Gbogbo àmì tí wọ́n rí bá èyí mu wẹ́kú.

Ríwáyà kò bínú sí ọmọ iṣẹ́. Ó ní kó tú gbogbo rẹ̀, kó fi téèpù funfun sára wáyà kọ̀ọ̀kan, kó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí i, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀: ẹ̀yìn, òsì, ọ̀tún. Lẹ́yìn náà kó yí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó ka lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́bàá ihò kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, kó fi iṣẹ́ so iṣẹ́. Ẹni tó bá ń so sọ́kẹ́ẹ̀tì láìka ẹ̀yìn rẹ̀, oríire nìkan ló ń lò. Ó tún dán wáyà ríbáàsì wò pé kò ní iná àfi tí gíà bá wà ní ríbáàsì, nítorí àwọn tírélà ọkọ̀ ojú omi kan ń lo ojú yẹn láti tú bíréèkì wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀yìn rìn. Iná tí kò yẹ ní ojú yẹn máa ń bọ́ bíréèkì irú tírélà bẹ́ẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ̀gbẹ́ èyí ni kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ará wa ní London. Ẹnu ihò méje tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kì í ṣe èyí rárá. Ojú 1 jẹ́ tráfíkétọ̀ òsì, 3 áàtì, 4 tráfíkétọ̀ ọ̀tún, 6 iná bíréèkì. Iná ẹ̀yìn òsì àti ọ̀tún ní ojú tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí ojú kankan fún bíréèkì oníná, nítorí tírélà tiwọn ń fi ìtìsíwájú ara rẹ̀ tẹ bíréèkì rẹ̀. Tírélà Amẹ́ríkà tó bá dé ọwọ́ yín kì í ṣe ohun tí àdápítọ̀ kan á yanjú.

Ní ìdánwò kejì, ní àgbàlá, gbogbo iná wà ní ipò rẹ̀, controller sì fi hàn pé òun ti rí tírélà. Wọ́n gbé Camry lé e, wọ́n jáde. Nígbà tí awakọ̀ tẹ bíréèkì gidi, iná tírélà ṣókùnkùn, bíréèkì sì rọ̀. Tí ó bá tẹ bíréèkì pẹ̀lú tráfíkétọ̀, gílóòbù apá kejì náà ń ṣẹ́jú díẹ̀. Àmì áàtì tí kò dára nìyẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tún wá a sí ibòmíràn: iná tí kò rí ọ̀nà ilé á gba inú gílóòbù ẹlòmíràn padà.

Ohun tó fa ìdàrúdàpọ̀ ni pé mítà ti sọ pé áàtì dára. Wọ́n ti wọn resistance láàárín ojú funfun àti ṣáásí, ó ka òdo ohm àti díẹ̀. Irú ìwọ̀n yẹn kì í mú àṣìṣe bí èyí, nítorí iná tí mítà fi ń wọn ohms kéré ju kó fi ìsopọ̀ tó fúyẹ́ hàn. Ó yẹ kí a wọ̀n áàtì nígbà tí iná gidi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ríwáyà gbé mítà sí volts, ó fi ẹsẹ̀ kan sí ojú funfun nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fi wáyà gígùn gbé èkejì lọ sí nẹ́gétíìfù bátìrì, ó sì ní kí ẹnìkan fi ọwọ́ tẹ controller dé òpin. Volt 1 àti ìdajì ló kà. Kò yẹ kó ju 0.2 lọ.

Áàtì tí ilé iṣẹ́ ṣe fún ẹnu mẹ́rin, wáyà tín-ín-rín ni, síkírúù kan ló sì dì í mọ́ irin bọ́ńpà tó ní ọ̀dà. Fún gílóòbù mẹ́rin ó tó. Amps 13 bíréèkì kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ṣáájú ìgbà náà, díẹ̀ nínú iná náà ti ń gba bọ́ọ̀lù ìkọ́ padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, gíríìsì tó wà lára bọ́ọ̀lù sì ń dí i lọ́wọ́. Wọ́n fa géèjì 10 tuntun láti ojú funfun, wọ́n ha ọ̀dà kúrò lára ṣáásí fúnra rẹ̀ títí irin fi dán, wọ́n fi òrùka irin àti wáṣà eléyín dì í, wọ́n sì fi ọ̀dà bo ibẹ̀ padà kí ìpata má bàa bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n tún di 0.1. Iná kò ṣókùnkùn mọ́.

Ṣíṣètò agbára bíréèkì ló tẹ̀lé e. Wọ́n kọ́kọ́ gbé táyà tírélà sókè, wọ́n fi irin yí táyà kékeré eléyín tó wà lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù títí táyà kò fi lè yí mọ́, wọ́n wá dá a padà ní eyín 10, nítorí irú bíréèkì yìí kì í ṣètò ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n jáde sí ojú ọ̀nà gbígbẹ tó tẹ́jú, ní eré máìlì 25, pẹ̀lú ẹrù tó máa ń gbé. Awakọ̀ fi ọwọ́ tẹ controller nìkan, kò tẹ pẹ́dà: wọ́n ń fi agbára kún un títí táyà tírélà fi fẹ́ dì, wọ́n sì dín in kù díẹ̀. Tí tírélà bá ṣófo, agbára yẹn á pọ̀ jù, táyà á máa fà. Nítorí náà nọ́ńbà méjì ni oníbàárà kọ sílẹ̀, ọ̀kan fún ìgbà tó gbé ẹrù, ọ̀kan fún òfìfo.

Wọ́n dán ìdè ìjábọ́ wò pẹ̀lú. Wọ́n yọ plọ́ọ̀gì kúrò lára ọkọ̀ kí wọ́n tó fa ìdè, torí bí plọ́ọ̀gì bá ṣì wà níbẹ̀, bátìrì kékeré á ti iná padà sínú controller, ó sì lè bà á jẹ́. Wọ́n fa ìdè, wọ́n gbìyànjú láti fi pickup fa tírélà díẹ̀. Táyà rẹ̀ kò yí.

Ní ti ríwáyà tí irú iṣẹ́ yìí bá wọlé sí lọ́wọ́, ohun tó yẹ kó dá lé oníbàárà lówó kì í ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni nǹkan tó kéré jù níbẹ̀. Owó náà wà nínú wáyà, nínú ìwọ̀n amps tírélà kó tó kan ọkọ̀, nínú áàtì, àti nínú wákàtí ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ ní iye sọ́kẹ́ẹ̀tì á fi àyè sílẹ̀ níbì kan, àyè tó sábà máa ń fi sílẹ̀ náà ni wáyà búlúù. Bákan náà, kó béèrè ìwé ọkọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó rí iye tí pickup náà lè fà: ẹnu méje kò fi agbára kankan kún ọkọ̀ tí kò ní in. Tí gílóòbù tráfíkétọ̀ ọkọ̀ bá jẹ́ ọsàn tó dá dúró, tí iná bíréèkì rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀, kó fi ẹ̀rọ tó ń pa méjèèjì pọ̀ sí wáyà kan kún owó rẹ̀, kó sì gbé e síbi tí omi kò ní dé.

Ẹnu mẹ́rin àtijọ́ kò ní láti lọ. Lórí ọkọ̀ yìí, wọ́n fi í sílẹ̀ lẹ́bàá tuntun pẹ̀lú ìdérí rọ́bà, fún tírélà kékeré. Wọ́n fi gíríìsì tí kì í gbé iná sí inú ẹnu méjèèjì, nítorí ojú bátìrì àti ojú áàtì kò jìnnà síra nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ihò méje, omi oníyọ̀ tó bá wọ àárín wọn á sì jẹ irin wọn tán ní kíákíá.

Wọ́n sọ fún oníbàárà pé kó padà lẹ́yìn máìlì 200, nítorí bíréèkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ á ti jókòó nínú dúrọ́ọ̀mù nígbà náà, ó sì máa ń yẹ̀ díẹ̀. Ó padà. Wọ́n tún yí eyín le díẹ̀ ní táyà méjì, wọ́n tún fi mítà onígà há wáyà búlúù. Ó ṣì ka 13, áàtì ṣì wà ní 0.1, ríwáyà sì fi bírò kọ nọ́ńbà méjèèjì àti ọjọ́ náà sára téèpù funfun tó lẹ̀ mọ́ inú ìdérí ilé fíúùsì, kí ẹni tó bá tún ṣí i lọ́jọ́ iwájú mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.